Wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ tí mo ṣèlérí fún Ìyá Bahia

  Láti ìgbà ọdún Ọ̀ṣun tó kọjá ni ọ̀pọ̀ yín ti ń bi mí pé kí ló dé tí Ìyá Bahia fi wọ Òṣogbo lẹ́yìn tí Arugbá ti lọ sódò tó sì ti padà wọ ààfin. Àwọn kan ní físà ló dá wọn dúró. Àwọn mìíràn ní bàálù ló bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Kò sí èyí tó jóòótọ́ nínú méjèèjì. Èmi ni mo fà á. Èmi tí mo ń kọ abala yìí sí yín lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni mo ṣi àgbàlagbà lọ́nà, mo sì rí i pé kò yẹ kí n máa gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ẹlòmíràn kí n dákẹ́.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ ìyá náà, ọmọ Ọ̀ṣun ni wọ́n, ẹni ọdún 74, ìlú Salvador ní ìpínlẹ̀ Bahia lórílẹ̀-èdè Bràsíl ni wọ́n ń gbé. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti fárí fún Ọ̀ṣun. Àkàrà ni wọ́n ń tà. Bẹ́ẹ̀ ni, àkàrà tiwa yìí gan-an, ẹ̀wà tí wọ́n lọ̀ tí wọ́n sì fi epo pupa dín. Acarajé ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún, aṣọ funfun ni wọ́n sì ń wọ̀ jókòó ti agbada rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ títì. Ọmọ ilé wa kan tó lọ síbẹ̀ lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn ló so wá pọ̀. Láti ìgbà náà, a kì í jẹ́ kí Ọjọ́ Àìkú kọjá láìpe ara wa lórí fóònù. Ọmọ-ọmọ wọn obìnrin tó ń kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ló ń ṣe ògbufọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni ìyá ń sọ ṣáá: àwọn fẹ́ rí Arugbá tó ru igbá lẹ́ẹ̀kan kí àwọn tó kú, kí àwọn sì fi ẹsẹ̀ kan omi odò náà. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ṣa owó jọ nínú owó àkàrà.

Nínú oṣù kẹrin, wọ́n bi mí pé báwo ni ọ̀nà náà ṣe jìn tó. Ṣé ẹ mọ̀ mí, mi ò lè sọ pé mi ò mọ̀. Mo yọ fóònù mi, mo tẹ orúkọ pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà sí i, mo tẹ ti Salvador náà sí i. Kíá, ó dá mi lóhùn: nǹkan bíi kìlómítà 5,090, wákàtí mẹ́fà ààbọ̀. Inú mi dùn. Mo kígbe sí fóònù pé, “Ìyá, wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ péré ni!” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ pé ó súnmọ́ tó báyẹn.

Nígbà tó di oṣù keje, ọmọ-ọmọ wọn pè mí. Ó ní tíkẹ́ẹ̀tì méjì ló wà. Èyí tó ń gbéra ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun wọ́n, ti ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ni kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ṣé Ọjọ́rú dáa? Mo ní ó dáa púpọ̀. Mo ti ṣírò rẹ̀ lọ́kàn mi: tí wọ́n bá gbéra ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, kí wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ tó pé, ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ á mọ́ bá wọn ní Èkó, wọ́n á sùn ní Òṣogbo lálẹ́, Ẹtì ni Arugbá. Mi ò ní kí ó fi ìwé tíkẹ́ẹ̀tì náà ránṣẹ́ kí n wò ó. Ọmọ náà rí i lórí ìwé pé Ẹtì ni wọ́n máa gúnlẹ̀, ó sì ti gbọ́ lẹ́nu mi pé Ẹtì ni ọdún, lójú tirẹ̀ méjèèjì bára mu. Ta ló sì máa jiyàn pẹ̀lú ọmọ Òṣogbo lórí ọ̀rọ̀ ọdún Òṣogbo?

Ní Ọjọ́bọ̀, aago márùn-ún ìdájí ni mo ti wà níwájú ẹnu ọ̀nà àbọ̀ ní Ìkẹjà. Aago méje, aago mẹ́jọ, aago mẹ́wàá. Mo pe Salvador, ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, aago mẹ́fà àárọ̀ ni lọ́dọ̀ wọn. Ó ní, “Ìyá àgbà àti bàbá mi ti kúrò ní São Paulo lóru yìí. Etiópíà ni wọ́n ń lọ.” Mo ní, “Etiópíà kẹ̀?” Ó ní ibẹ̀ ni wọ́n máa sùn, kí wọ́n tó máa bọ̀ ní Èkó lọ́la, ní ọ̀sán. Mo bá jókòó sórí àpótí omi ẹnì kan tó ń tajà níbẹ̀. Kò tiẹ̀ lé mi.

Mi ò padà sílé. Mo sùn sí Èkó, mo sì pàdánù Arugbá tọdún yìí, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mọ́kàndínlógún. Bí aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán Ẹtì ni ìyá jáde sí wa, nínú aṣọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀, ọmọ wọn ọkùnrin ń ti ẹrù bọ̀ lẹ́yìn wọn. Ẹsẹ̀ wọn méjèèjì ti wú. Mo dọ̀bálẹ̀. Kí n tó dìde, wọ́n ti sọ gbólóhùn kan ṣoṣo tí mi ò nílò ògbufọ̀ fún: “Arugbá?” Àbúrò mi sì ti fi àwòrán ránṣẹ́ sórí fóònù mi láti Òṣogbo, Arugbá ti lọ ó ti bọ̀. Ẹnu mi ò gbà á láti sọ ọ́. Ó di ìgbà tí ọkọ̀ wa kọjá Ìbàdàn kí n tó lè bá ọmọ wọn sọ ọ́, òun ló wá sọ fún wọn. Wọ́n kọjú sí fèrèsé. Wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi wọ Òṣogbo lálẹ́.

Ohun tó dùn mí jù ni pé fóònù ò parọ́ fún mi o. Ohun tí mi ò bi í ni kò sọ. Ẹ mú igbá kan, ẹ fi ẹfun tọ́ ojú méjì sí i lára, ẹ pe ọ̀kan ní Ìkẹjà, ẹ pe èkejì ní Salvador. Ẹ wá mú òwú, ẹ nà án ṣinṣin láti ojú kan dé èkejì. Gígùn òwú yẹn ni kìlómítà 5,090 tí fóònù ń wí. Ayé rí roboto bí igbá, kò sí ọ̀nà tó kúrú ju ti òwú náà lọ. Lẹ́yìn èyí, fóònù mú ìwọ̀n eré bàálù ńlá, bíi kìlómítà 850 ní wákàtí kan, ó fi pín in, ó rí wákàtí mẹ́fà, ó wá fi ààbọ̀ lé e fún ìgbà tí bàálù ń gòkè àti ìgbà tó ń sọ̀ kalẹ̀. Ìṣirò náà péye. Àmọ́ kò sí bàálù akérò tó ń gba ojú òwú yẹn lọ tààrà láti Èkó sí Salvador. Òkun ni gbogbo abẹ́ rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó yà mí lẹ́nu. Mo tún fi òwú kan náà wo London. Láti Ìkẹjà dé Heathrow, nǹkan bíi kìlómítà 5,000 ni. Iye tí Salvador fi jìn ju London lọ kò tó Èkó sí Ìbàdàn! Àbúrò mi tó wà ní London lè jẹ ẹ̀kọ àárọ̀ ní Ìkẹjà, kí ó sì jẹun alẹ́ nínú ilé ara rẹ̀, nítorí bàálù tó ń lọ tààrà wà lójoojúmọ́. Àwa àti àwọn ará Bahia tí a jọ ń bọ Ọ̀ṣun, tí a jọ ń dín àkàrà, ọ̀nà wa kò jìn ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ojú ìyá rí kí wọ́n tó dé. Bàálù kì í tẹ̀lé òwú. Ibi tí èrò àti owó bá pọ̀ sí ló ń lọ, ọ̀nà ọ̀dọ̀ ẹni tó jọba lé wa lórí sì ti là tipẹ́.

Ọ̀nà tí ìyá gbà rèé. Wọ́n gbéra ní Salvador ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, wọ́n kọ́kọ́ lọ sí São Paulo, kìlómítà bíi 1,450, wákàtí méjì ààbọ̀. Ẹ kíyè sí i pé apá gúúsù ni São Paulo wà, ńṣe ni wọ́n ń jìnnà sí wa. Wọ́n dúró níbẹ̀ títí di aago kan òru. Láti ibẹ̀, bàálù kejì gbé wọn kọjá òkun, ó gbé wọn la Áfíríkà já láti ìwọ̀-oòrùn dé ìlà-oòrùn, ó di Addis Ababa. Kìlómítà bíi 9,900 nìyẹn, wákàtí méjìlá lórí ìjókòó. Wọ́n sùn síbẹ̀, ilẹ̀ mọ́, bàálù kẹta wá dá wọn padà sí apá ọ̀dọ̀ wa, kìlómítà bíi 3,900, wákàtí márùn-ún. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó tó kìlómítà 15,300. Ìlọ́po mẹ́ta òwú orí igbá wa! Bí ẹni tó fẹ́ lọ sí Ìwó láti Òṣogbo tó wá lọ gba Ìlọrin.

Ti wákàtí ńkọ́? Nínú afẹ́fẹ́ nìkan, wákàtí mọ́kàndínlógún ààbọ̀. Ìyókù, ìdúró ni, lórí àga irin, àti oorun díẹ̀ ní Addis. Ibí yìí ni mo ti ní kí ẹ fara balẹ̀, nítorí aago ìwé tíkẹ́ẹ̀tì máa ń ru èèyàn lójú. Aago ìlú tí bàálù ti ń gbéra ni wọ́n ń kọ fún ìgbéra, aago ìlú tó ti ń gúnlẹ̀ ni wọ́n ń kọ fún ìgúnlẹ̀. Aago Salvador fi wákàtí mẹ́rin wà lẹ́yìn tiwa. Tí a bá wo ìwé ìyá báyìí, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú sí aago méjìlá ọ̀sán Ẹtì, èèyàn á ka wákàtí méjìlélógójì. Ẹ yọ mẹ́rin kúrò, ó ku méjìdínlógójì. Òun gan-an ni wọ́n lò. Tó bá jẹ́ pé láti ọ̀dọ̀ wa lẹ ń lọ, ẹ ò ní yọ ọ́, ẹ máa fi mẹ́rin kún un ni. Ó sì tún dáa báyìí o, nítorí Bràsíl ti fi àṣà títi aago síwájú sẹ́yìn sílẹ̀ láti 2019, àwa náà ò ṣe é rí. Wákàtí mẹ́rin yìí kì í yí padà láàárín ọdún. Ti London ló ń yí.

Ohun mìíràn tó ń dàrú mọ́ wa lọ́wọ́ ni kíka ọjọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwa ń ka ọjọ́ tí a wà mọ́ ọn. Ọ̀sẹ̀ òrìṣà tí à ń pè ní ọrún, ọjọ́ mẹ́rin ni aláago á kà á. Tí mo bá sọ fún ìyá pé “ọjọ́ kẹta ni kí ẹ retí,” òní wà nínú mẹ́ta tèmi, kò sí nínú tiwọn. A ti fi ìyẹn ṣi ara wa gbọ́ nígbà méjì kí ọ̀rọ̀ yìí tó ṣẹlẹ̀. Ní báyìí, orúkọ ọjọ́ àti oṣù ni mo ń sọ, mi ò sọ iye ọjọ́ mọ́.

Àwọn kan á ní ṣebí ọ̀nà Yúróòpù wà. Ó wà. Láti Èkó dé Lisbon ní Pọtogí jẹ́ kìlómítà bíi 3,800 lójú òwú, láti Lisbon dé Salvador jẹ́ bíi 6,500, bàálù tó ń lọ tààrà sì wà láàárín Lisbon àti Salvador. Kìlómítà 10,300 nìyẹn, ìlọ́po méjì, ó sàn ju ìlọ́po mẹ́ta. Àmọ́ ẹni tó bá mú páásípọ́ọ̀tì Nàìjíríà dání gbọ́dọ̀ gba físà kí ó tó lè gba inú pápákọ̀ wọn kọjá, bí kò tilẹ̀ ní jáde síta rárá. Ẹni tó mú ti Bràsíl kò nílò rẹ̀. Nínú oṣù kẹjọ 2025, ìjọba wa àti ti Bràsíl fọwọ́ sí ìwé àdéhùn lórí ọkọ̀ òfurufú láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì. Tí bàálù bá ń lọ tààrà láti Èkó sí São Paulo, kìlómítà bíi 6,350 ni, nǹkan bíi wákàtí mẹ́jọ, ó wá ku São Paulo sí Salvador. Ẹni bá rí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kó gbà á. Ẹni tí kò bá rí i, kó má fi gbọ́yìí-sọ̀yìí dájọ́ fún àlejò bí mo ti ṣe.

Mo ronú lórí rẹ̀ púpọ̀ ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn tí mi ò rí oorun sùn ní Èkó. Àwọn ọkọ̀ ojú omi tó kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú láti etíkun yìí lọ sí Bahia kò gba Yúróòpù rárá. Ibí sí ọ̀hún ni, ó máa ń gbà tó oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ ò sì dé ọ̀hún láàyè. Ọ̀nà kan náà ni àwọn Àgùdà gbà padà wá sí Èkó nígbà tí wọ́n gba òmìnira, pàápàá lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ 1835 ní Salvador tí ìjọba ibẹ̀ wá ń fòòró wọn. Martiniano Eliseu do Bonfim, ọmọ Bahia tó di babaláwo tí wọ́n mọ̀ dáadáa ní Salvador, bàbá rẹ̀ ló mú un wá sí Èkó ní 1875, níbí ló ti dàgbà kó tó padà. Obì, orógbó, ọṣẹ dúdú, aṣọ òfì, gbogbo rẹ̀ ló ń tinú ọkọ̀ ojú omi lọ bá àwọn olórìṣà ọ̀hún. Títí dòní “aṣọ Etíkun” àti “ọṣẹ Etíkun” ni wọ́n ń pè wọ́n ní èdè wọn, etíkun wa yìí ni wọ́n ń wí. Nínú ọkọ̀ ojú omi, ọ̀nà náà lọ tààrà. Nínú bàálù tí a fi ń yangàn, ó di kí èèyàn gba Etiópíà.

Ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ ìyá. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo lọ bá wọn níyàrá pé mo fẹ́ tọrọ àforíjì. Wọ́n ti múra. Wọ́n ti bọ́ funfun, wọ́n ti wọ aṣọ aláwọ̀ ìyeyè, ìlẹ̀kẹ̀ Ọ̀ṣun wọn ń tàn lọ́rùn. Ọmọ wọn gbé fóònù jáde, a pe ọmọ-ọmọ wọn kó ṣe ògbufọ̀, òru ṣì ni lọ́dọ̀ rẹ̀, ohùn rẹ̀ kún fún oorun. Ìyá sọ̀rọ̀, ó pẹ́ díẹ̀. Ọmọ náà ní, “Wọ́n ní lọ́dọ̀ wa ní Bahia, Ẹtì jẹ́ ti Òṣàlá, ìdí tí wọ́n fi wọ funfun lánàá nìyẹn. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ti Ọ̀ṣun. Wọ́n ní òní ni ọjọ́ àwọn.”

Ṣé ẹ rí i, a ti gbàgbé pé àwọn ará ọ̀hún fi ọjọ́ méje tí aláago ń kà pín àwọn òrìṣà: Ọjọ́ Ìṣẹ́gun fún Ògún, Ọjọ́rú fún Ṣàngó àti Ọya, Ọjọ́bọ̀ fún Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, Àbámẹ́ta fún Ọ̀ṣun àti Yemọja. Ọrún tiwa kò bá wọn dé ọ̀hún bí ó ti wà níbí.

A lọ sí igbó Ọ̀ṣun. Èrò ti túká, àwọn tó ń gbálẹ̀ ń ṣa ike omi jọ, ọ̀bọ ń sáré lórí igi. Àwọn ìyá tó wà lójúbọ gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n ṣe ìwúre fún wọn. Ìyá gbé ẹsẹ̀ wíwú yẹn sínú omi, wọ́n bu omi bọjú, wọ́n sì dá orin kan sílẹ̀. Èdè wa ni, àmọ́ ó ti yí díẹ̀ lẹ́nu wọn. Àwọn ìyá tiwa tẹ́tí, ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbè é. Mo dúró lẹ́yìn. Mi ò fẹ́ purọ́ fún yín pé ọkàn mi fúyẹ́. Nígbà tí a ń padà bọ̀, ìyá di apá mi mú, wọ́n fi ìka tọ́ka sí ọ̀nà tí Arugbá gbà, wọ́n bi mí bí ó ṣe ń rìn. Mo fi hàn wọ́n, èmi àgbà ọkùnrin, mo rọra ń tọ ẹsẹ̀ láàárín igbó bí ẹni ru igbá. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ṣùgbọ́n àwòrán orí fóònù tí mo fẹ́ fi hàn wọ́n, wọn ò wò ó. Wọ́n ní ojú àwọn ni àwọn fẹ́ fi rí i.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ní ìbátan tó fẹ́ wá ní oṣù kẹjọ tó ń bọ̀, ẹ fi ìwé tíkẹ́ẹ̀tì wọn hàn mí kí wọ́n tó sanwó, mo ti ń mọ̀ ọ́n kà báyìí. Ẹ má jẹ́ kí àlejò gúnlẹ̀ ní Èkó lẹ́yìn Ọjọ́rú, torí títì Èkó sí Òṣogbo nìkan lè jẹ wákàtí márùn-ún mọ́ ẹni lọ́wọ́. Kí wọ́n mú yẹ́lò káàdì dání. Tí àgbàlagbà bá wà nínú wọn, kí wọ́n béèrè àga onítáyà nígbà tí wọ́n ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, wọn kì í gba owó lé e. Kí wọ́n máa dìde rìn díẹ̀ láàárín bàálù, kí wọ́n sì máa mu omi. Ẹsẹ̀ ìyá gba ọjọ́ mẹ́ta kó tó fà. Ẹ̀yin tó sì ń lọ sí ọ̀hún, ewé tútù àti irúgbìn wà lára ohun tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ ẹni ní pápákọ̀ Bràsíl, ẹ béèrè ìwé rẹ̀ kí ẹ tó dì í sínú ẹrù.

Ìyá ti padà sílé láyọ̀. Wọ́n pè ní Ọjọ́ Àìkú tó kọjá. Wọ́n ní àwọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa owó àkàrà jọ lẹ́ẹ̀kan sí i, ọmọ-ọmọ náà á sì tẹ̀lé wọn wá lọ́tẹ̀ yìí. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa gbéra, ọjọ́ márùn-ún gbáko ṣáájú Arugbá. Wọn ò bi mí kí wọ́n tó mú ọjọ́ náà.